Ọmọ I.T. Kì Í Ṣe Ọmọ Ọ̀dọ̀

Bí àkókò I.T. bá ti tó, ẹ ó máa rí wọn ní Ìkẹjà, ní Ọ̀tà, ní Agbára àti ní àdúgbò àwọn ilé-iṣẹ́ ní Olúyọ̀lé n'Ìbàdàn. Ọkùnrin inú wọn á so táì mọ́rùn nínú oòrùn ọ̀sán gangan, obìnrin inú wọn á wọ bàtà tó ń gé e lẹ́sẹ̀, kálukú á sì há fáìlì mọ́ abíyá. Lẹ́tà tí ilé-ẹ̀kọ́ kọ fún wọn ló wà nínú fáìlì yẹn. Wọn kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí i; ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá kàn ni wọ́n kọ ọ́ sí, ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn kì í sì í sí nílé. Mẹ́gáàdì ẹnu géètì ló ń gba lẹ́tà lọ́wọ́ wọn, tí yóò ní kí wọ́n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá padà wá, wọn á bá lẹ́tà náà níbi tí wọ́n fi í sí, àmì abọ́ ọbẹ̀ á ti wà lára rẹ̀.

Ètò tó ń gbé àwọn ọmọ wọ̀nyí kiri kì í ṣe ètò àná. Ní 1971 ni ìjọba ológun Ọ̀gágun Yakubu Gowon fi Òfin 47 dá àjọ ITF sílẹ̀, èyí tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà nílùú Jos. Nígbà tó di 1972, òfin mìíràn jáde tó ní kí àwọn òyìnbó fi àwọn iṣẹ́ kan sílẹ̀ fún ọmọ Nàìjíríà. Ìbéèrè tó wá délẹ̀ ni pé, ta ni yóò máa tọ́jú ẹ̀rọ bí òyìnbó bá lọ tán? Àwọn ọmọ tó ń jáde ní yunifásítì nígbà náà mọ̀wé. Wọ́n lè ya àwòrán ẹ̀rọ sójú pátákó láìwo ibì kankan, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbọ́ òórùn epo ẹ̀rọ náà rí. Ìdí nìyẹn tí ITF fi gbé ètò SIWES kalẹ̀ ní 1973, pé kí akẹ́kọ̀ọ́ tó gba ìwé-ẹ̀rí, kó kọ́kọ́ lọ lo oṣù mélòó kan níbi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an. SIWES ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, ṣùgbọ́n I.T. ni gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń pè é, òun náà ló sì mọ́ àwọn òbí lẹ́nu. Oṣù mẹ́fà ni ti ọmọ yunifásítì tó ń kọ́ ìmọ̀ iṣẹ́ ẹ̀rọ, ọdún kẹrin ló sì sábà máa ń bọ́ sí. Oṣù mẹ́rin ni ti ọmọ gbogboniṣe tó ń ka ND. Bó bá parí ND tán, yóò tún lo odidi ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́ kó tó padà wá ka HND.

Ní 1974 tí àwọn àkọ́kọ́ jáde lọ, akẹ́kọ̀ọ́ 748 péré ni wọ́n, láti ilé-ẹ̀kọ́ 11. Nígbà tó fi máa di 2008, ilé-ẹ̀kọ́ ti di 219, akẹ́kọ̀ọ́ sì ti lé ní 200,000. Kò sí ohun tó burú nínú kí ọmọ pọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé bí ọmọ ṣe ń pọ̀ sí i ni ilé-iṣẹ́ ń dín kù. Michelin tó ń ṣe táyà ní Port Harcourt ti ilẹ̀kùn ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní 2007, Dunlop tó ń ṣe tirẹ̀ n'Ìkẹjà dáwọ́ dúró ní ìparí 2008. Àwọn ilé-iṣẹ́ ahunṣọ tí wọ́n ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ nígbà kan láti Ìkẹjà dé Kaduna, ọ̀pọ̀ wọn ti di ilé ìkẹ́rùsí, àwọn kan ti di ṣọ́ọ̀ṣì. Ní 2023, GlaxoSmithKline kéde pé òun ń kógbá wọlé ní Nàìjíríà; kí ọdún náà tó parí, Procter & Gamble náà ní òun kò ní máa ṣe ọjà òun níbí mọ́, òun yóò máa kó o wọlé ni. Géètì tí ọmọ méjì ń kàn láyé ìjọ́sí, ogún ọmọ ló ń kàn án báyìí. Ibi tí àyè bá sì ti há báyẹn, ẹni mọ ẹni ló ń jọba. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ mọ máníjà á wọlé, ọmọ àgbẹ̀ tó gbégbá orókè ní kíláàsì á wà lẹ́nu géètì, tí yóò fi rí ibi ìtẹ̀wé kan ní ìtòsí ilé, níbi tí wọn yóò ti máa ní kó ṣe fọ́tókọ́pì fún oṣù mẹ́fà. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni wọ́n ní kó lọ kọ́.

Ẹ fi ti ẹni tí kò ríbi wọ̀ sílẹ̀ ná. Ti ẹni tó wọlé gan-an ló yẹ kó kan àwọn ọ̀gá àti àwọn òbí lóminú. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tó kọ́kọ́ dé ibi iṣẹ́, wọn kò ní bi í pé kí lorúkọ rẹ̀. “Aitíì” ni orúkọ tí wọ́n fún un, orúkọ náà ni yóò sì jẹ́ títí yóò fi lọ. Aitíì, lọ ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà wá. Aitíì, bá ọ̀gá gbé báàgì sínú ọkọ̀. Aitíì, jẹnẹrétọ̀ ti kú, sáré lọ ra dísù. Bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ tí àwọn tó mọ̀ ọ́n tún ṣe sì yí i ká, wọn á ní kó má sún mọ́ ibẹ̀, kó má bàa kó bá wọn. Bẹ́ẹ̀ ìdí ẹ̀rọ tó bàjẹ́ yẹn gan-an ni ilé-ẹ̀kọ́ rán an wá.

Àwọn ọ̀gá kan máa ń gbèjà ara wọn pé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń kọ́ṣẹ́ nílẹ̀ Yorùbá láti ọjọ́ aláyé ti dáyé. Wọ́n á ní ta ni kò gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀ rí. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọmọ alágbẹ̀dẹ á fín ẹwìrì títí kí wọ́n tó gbé òòlù lé e lọ́wọ́, ọmọ mẹkáníìkì á máa fi pẹtiróòlù fọ nọ́ọ̀tì, ọmọ tó ń kọ́ ìránṣọ á máa pọn ọmọ ìyá ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ìdajì àdéhùn ni wọ́n rántí. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú ọmọ yẹn wá, ẹbí tẹ̀lé e wá. Wọ́n sọ iye ọdún tí yóò lò, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé, ẹnì kan sì dúró fún un. Ọ̀gá mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun yóò ṣe òmìnira fún un, tí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ yóò péjú, tí wọn yóò gbàdúrà fún un, tí yóò sì lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Bí ọkọ̀ tó tún ṣe bá wá dákú sójú ọ̀nà lọ́jọ́ kejì, ohun tí gbogbo èèyàn yóò béèrè ni pé, “Ọ̀dọ̀ ta ló ti kọ́ṣẹ́?” Orúkọ ọ̀gá ló wà nínú ewu. Bó ti wù kó rán ọmọ náà níṣẹ́ tó, yóò kọ́ ọ.

Ta ló ń bi onímọ̀ ẹ̀rọ pé ọ̀dọ̀ ta ló ti ṣe I.T.? Bí afárá bá sán, bí tiransifọ́mà bá gbiná, kò sẹ́ni tó jẹ́ lọ wádìí ibi tí ẹni tó ṣe é ti lo oṣù mẹ́fà nígbà tó wà ní yunifásítì. Ọ̀gá tó sọ ọ́ di ọmọ ọ̀dọ̀ kò pàdánù ohun kan. Ibi tí ètò yìí ti yàtọ̀ sí ẹ̀kọ́ṣẹ́ àwọn baba nìyẹn: wọ́n mú ìyà ìkọ́ṣẹ́ wá sínú rẹ̀, wọ́n fi ojúṣe ọ̀gá sílẹ̀ sẹ́yìn.

Ẹ tilẹ̀ fi ojú ìṣirò wò ó. Ọmọ tó fi ọdún mẹ́ta kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, tó ń wá lọ́jọ́ mẹ́fà láàárín ọ̀sẹ̀, ọjọ́ tó lé ní 900 ló fi wà lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Bó bá fi 100 nínú rẹ̀ gbálẹ̀ tó sì fi jẹ́ iṣẹ́, ó ṣì ku 800 tí yóò fi wo iṣẹ́. Oṣù mẹ́fà ti ọmọ yunifásítì kò ju ọ̀sẹ̀ 24 lọ. Bó bá jẹ́ ọjọ́ márùn-ún ló ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀, gbogbo rẹ̀ kò ju ọjọ́ 120. Bó bá fi 100 ra búrẹ́dì, kí ló kù? Ẹ má sì gbàgbé pé àwọn mìíràn ti fi oṣù kan àbọ̀ wá ibi tí wọn yóò wọ̀.

Gbogbo èyí ni ìwé àkọsílẹ̀ yóò wá bò mọ́lẹ̀. Lọ́ọ̀gìbúùkù ni àwọn ọmọ ń pè é. Lójoojúmọ́ ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ohun tó ṣe síbẹ̀, kó ya àwòrán ohun tó yẹ ní yíyà, kí ọ̀gá ibi iṣẹ́ sì fọwọ́ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Olùkọ́ láti ilé-ẹ̀kọ́ yóò wá wò ó, ẹni tí ITF rán náà yóò wá. Bí oṣù bá pé, ọ̀gá yóò kún Fọ́ọ̀mù 8, níbi tí yóò ti sọ irú ọmọ tí ọmọ náà jẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Lójú ìwé, kò sí ibi tí ètò náà ti jò. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tó ti ń jò, kó dé ilé ìgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ tí wọn yóò kó ìwé náà sílẹ̀. Yóò bá wọn níbi tí wọ́n ti ń da oṣù mẹ́fà kọ lóru ọjọ́ kan, láti inú ìwé ẹni tó ṣe I.T. tirẹ̀ lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ẹni tó jẹ́ pé búrẹ́dì ló ń rà á kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun tú ẹ̀rọ pọ́ńpù palẹ̀, òun pààrọ̀ bẹ́árìnì rẹ̀. Wọn á fi bírò oríṣiríṣi kọ ọ́ kó lè dà bí ohun tí wọ́n kọ lọ́jọ́ oríṣiríṣi. Ọgbọ́n tí wọ́n ń lò níbẹ̀ pọ̀. Bí wọ́n bá lo ìlàjì rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ náà ìbá yàtọ̀.

Ìwé tí wọ́n da kọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Nínú àwọn tó ń kọ ọ́ ni ẹni tí yóò máa yẹ ẹ̀jẹ̀ aláboyún wò lọ́la láti mọ irú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n lè fà sí i lára. Nínú wọn ni ẹni tí yóò sọ iye irin tó yẹ kó wà nínú òpó ilé alájà mẹ́rin. Ohun tí olùkọ́ fi ń kọ́ni nípa irin àti sìmẹ́ńtì dára, ṣùgbọ́n kò sí bí wọ́n ṣe lè kọ́ ọ ní kíláàsì pé bíríkìlà a máa bu omi kún kọnkéré bí apá bá ń ro ó, kó lè rọrùn láti pò, àti pé ìgbà yẹn ni òpó ti ń rọ kó tó gan rárá. Ojú ló ń rí irú rẹ̀, ní ibi iṣẹ́, níṣojú ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin òbí náà ní ẹjọ́ í jẹ́. Àwọn bàbá kan wà tó jẹ́ pé ọmọ kò tíì jáde nílé tí wọ́n ti bá ọ̀rẹ́ wọn sọ ọ́. Ọ̀rẹ́ yóò gba lọ́ọ̀gìbúùkù, yóò tẹ òǹtẹ̀ sí i láti ojú ewé kìn-ín-ní dé èyí tó kẹ́yìn, ọmọ yóò sì jókòó ti ìyá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tàbí kó máa sùn. Wọ́n ní àwọn ń ràn án lọ́wọ́. Owó ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi gbèsè san lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, apá tó wúlò jù nínú ohun tó rà ni wọ́n fi òǹtẹ̀ pa yẹn.

Òótọ́ ni pé owó jẹ́ ìṣòro. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àjẹmọ́nú tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún ọmọ I.T. jẹ́ 2,500 náírà lóṣù, kì í sì í tètè dé. Àwọn kan ti sin ilẹ̀ bàbá wọn tán kí wọ́n tó rí i gbà. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, owó yẹn kò lè gbé ọmọ láti Ìkòròdú dé Ìkẹjà àti àbọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti oúnjẹ. Ilé-iṣẹ́ tó bá lè fún ọmọ lówó ọkọ̀, kó fún un. Ṣùgbọ́n òbí tó bá ní owó tí yóò fi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó tẹ òǹtẹ̀, owó ọkọ̀ ló yẹ kó fi ṣe.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin tún wà níbẹ̀, tí àwọn èèyàn kì í fẹ́ sọ síta. Ọ̀gá tó fẹ́ fọwọ́ sí ìwé ní ìrọ̀lẹ́ nìkan, nígbà tí gbogbo òṣìṣẹ́ bá ti lọ, kì í ṣe ìwé ló ń wò. Ọmọ náà mọ̀ pé bí òun bá bínú lọ, oṣù tí òun ti lò ti wọmi, ilé-ẹ̀kọ́ sì lè ní kó tún un ṣe. Èyí ni wọ́n ń lò mọ́ ọn. Ó yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹnì kan tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè pè lórí fóònù, tí yóò sì lágbára láti gbé e kúrò níbẹ̀ lọ sí ibòmíràn láìyọ ọjọ́ kan nínú èyí tó ti lò. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ bá ṣàdédé ní òun kò fẹ́ lọ síbi iṣẹ́ mọ́, kó má pariwo mọ́ ọn. Kó bi í ní ìdí rẹ̀ ní pẹ̀lẹ́.

Síbẹ̀, àwọn tó ń ṣe é dáadáa wà. Àwọn ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Ìbàdàn, bíi IITA ní ọ̀nà Mọ́níyà, NIHORT ní Ìdí-Ìṣin àti CRIN ní Ìdí-Ayunrẹ́, ọjọ́ ti pẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń lọ síbẹ̀. Irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ dára fún ọmọ I.T., nítorí pé èèyàn gbọ́dọ̀ wọn ohun ọ̀gbìn kan náà lójoojúmọ́ kó sì kọ ọ́ sílẹ̀, iṣẹ́ tí ọmọ tó fara balẹ̀ lè ṣe láti ọ̀sẹ̀ kejì. Ṣùgbọ́n kò dìgbà tó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá. Àwọn tó ń tún wáyà mọ́tọ̀ iná dì lẹ́bàá títì, tí àwọn ọmọ yunifásítì kì í fẹ́ kí ọ̀rẹ́ wọn bá àwọn níbẹ̀, ẹ lọ wò wọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún kan níbẹ̀ yóò gbé mọ́tọ̀ sínú, yóò gbóòórùn rẹ̀, yóò sọ fún yín pé wáyà ló jó, kì í ṣe bẹ́árìnì. Yóò ka iye ìgbà tí wáyà yí po, yóò fi ẹ̀rọ wọn bó ti nípọn sí, kò sì ní ṣì í. Ohun tí kò mọ̀ ni ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni ọmọ yunifásítì mọ̀. Bí àwọn méjèèjì bá jókòó pọ̀ fún oṣù mẹ́fà, èrè ibẹ̀ á tó wọn pín. Ìtìjú ni kì í jẹ́ kí wọ́n jókòó pọ̀.

Ohun tó mú ibi tó dára yàtọ̀ kò le. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n fi ọmọ náà lé lọ́wọ́, kì í ṣe gbogbo ọ́fíìsì. Ẹni náà ló mọ ohun tó ṣe lánàá, òun ló ń fọwọ́ sí ìwé rẹ̀, òun ni wọn yóò sì bi bí ọmọ náà bá lọ láìmọ nǹkan kan. Wọ́n sì fún ọmọ náà ní iṣẹ́ kan tó jẹ́ tirẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ. Ì báà jẹ́ pé kó máa ka mítà tiransifọ́mà kan láràárọ̀ àti lálẹ́ ni. Kò sí owó nínú èyí. Òfin ITF tí wọ́n tún ṣe ní 2011 ti ní kí ilé-iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ márùn-ún sókè máa san ìdá kan nínú ìdá ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún àjọ náà lọ́dọọdún, òfin kan náà ló sì ní kí ilé-iṣẹ́ máa gba ọmọ I.T. Owó ti jáde lápò wọn tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ti sanwó ọjà, tó wá fi ọjà sílẹ̀ fún ẹlẹ́ràn láti jẹ, òun ló mọ ohun tó ń ṣe.

Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà lè ṣe ju bí wọ́n ti ń ṣe lọ. Ẹ̀ka tó ń bójú tó I.T. lè kọ orúkọ àwọn ibi tí ọmọ ti lọ lọ́dún tó kọjá sílẹ̀, kí wọ́n bi ọmọ kọ̀ọ̀kan léèrè ohun tó kọ́ níbẹ̀, kí wọ́n sì lẹ ìdáhùn mọ́ ògiri fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Láàárín ọdún mẹ́ta, gbogbo ọmọ á ti mọ ibi tí wọ́n ti ń ra búrẹ́dì àti ibi tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́.

Ọmọ tí tirẹ̀ ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, kó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí yóò lọ ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, ó kéré tán. Kó wádìí orúkọ ẹni tí yóò kọ̀wé sí, kó so lẹ́tà tirẹ̀ mọ́ ti ilé-ẹ̀kọ́, kó sọ ohun tó ti kọ́ àti iṣẹ́ tó fẹ́ fojú rí, kó má sọ pé ohunkóhun tí wọ́n bá fún òun ni òun yóò ṣe, nítorí ohunkóhun náà ni wọn yóò fún un. Bí wọ́n bá rán an lọ ra oúnjẹ, kó lọ, kó sì tètè dé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kìn-ín-ní gan-an, kó béèrè ẹni tí yóò máa fọwọ́ sí ìwé òun. Bí wọ́n bá ní ẹnikẹ́ni tó bá wà ní ọ́fíìsì ni, kó fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dárúkọ ẹnì kan, kó lọ kí ẹni náà níbi iṣẹ́ rẹ̀, kó sì sọ orúkọ tirẹ̀ fún un kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Aitíì.